Nọ́ńbà, Òjìji àti Afẹ́fẹ́: Àgbéyẹ̀wò Mọ́sálásí Istiqlal ní Jakarta

Díẹ̀ ni àwọn ilé ìjọsìn tí ìjọba orílẹ̀-èdè tuntun kọ́ ní ilẹ̀ Éṣíà láàrin 1950 sí 1990 tí a ti ṣàlàyé tó Mọ́sálásí Istiqlal ní Jakarta, ní orílẹ̀-èdè Indonéṣíà. Bí àlejò bá dé ibẹ̀, kò ní tíì bọ́ bàtà tán tí amọ̀nà yóò fi bẹ̀rẹ̀ sí í ka nọ́ńbà sí i létí. Òrùlé rìbìtì tí ó bo gbọ̀ngàn ìkírun fẹ̀ ní mítà 45, nítorí pé 1945 ni Indonéṣíà kéde òmìnira. Òrùlé rìbìtì kékeré tí ó wà lórí ilé àbáwọlé fẹ̀ ní mítà 8, nítorí pé oṣù kẹjọ ọdún ni ìkéde náà bọ́ sí. Òpó 12 ni ó gbé òrùlé ńlá dúró, nítorí ọjọ́ kejìlá oṣù Rabiu-l-Awwal tí a bí Ànábì Muhammad. Ẹnu ọ̀nà 7 ni ó wà, nítorí sánmà méje. Báyìí ni kíkà náà yóò máa lọ títí àlejò yóò fi jáde. Àlàyé kan náà ni ó kún inú ìwé pélébé àti ìwé ìròyìn, débi pé ọ̀pọ̀ ènìyàn gbà pé ẹni tí ó bá ti mọ nọ́ńbà wọ̀nyí ti mọ ilé náà nìyẹn.

Ohun tí bébà yìí fẹ́ fi hàn ni pé nọ́ńbà wọ̀nyí ni ohun tí ó fúyẹ́ jù lọ nínú gbogbo ohun tí a kọ́ síbẹ̀. Ohun tí ó mú ilé náà yẹ fún ìyìn wà níbòmíràn: nínú òjìji rẹ̀, nínú afẹ́fẹ́ tí ó ń gba inú rẹ̀ kọjá, àti nínú bí ó ṣe gba èrò láyè láìsé ògiri mọ́ wọn. Ìyàtọ̀ láàrin àlàyé méjèèjì kì í ṣe ọ̀rọ̀ kékeré. Bí nọ́ńbà bá ni ìtumọ̀ ilé náà, a jẹ́ pé ìjọba tí ó yan nọ́ńbà ni ó ni ìtumọ̀ rẹ̀. Bí òjìji àti afẹ́fẹ́ bá ni, ìjọ tí ó ń kírun níbẹ̀ ni ó ni ín.

Ìbẹ̀rẹ̀ ilé náà

Ìtàn bí ilé náà ṣe bẹ̀rẹ̀ kò gba àlàyé gígùn. Lẹ́yìn tí àwọn Họ́láńdì fọwọ́ sí òmìnira Indonéṣíà ní òpin 1949, àwọn aṣáájú Mùsùlùmí kan, tí Wahid Hasyim tí ó jẹ́ mínísítà ọ̀rọ̀ ẹ̀sìn àti Anwar Cokroaminoto wà lára wọn, dá a lábàá pé kí a kọ́ mọ́sálásí kan tí yóò jẹ́ ìdúpẹ́ fún òmìnira náà. Òmìnira gan-an ni Istiqlal túmọ̀ sí ní èdè Lárúbáwá. Ní 1954 ni wọ́n dá àjọ tí yóò bójú tó iṣẹ́ náà sílẹ̀. Ní 1955 ni wọ́n ṣe ìdíje àwòrán, Ààrẹ Sukarno fúnra rẹ̀ sì ni olórí àwọn adájọ́.

Friedrich Silaban ni ó gbégbá orókè nínú ìdíje náà. Ọmọ Batak láti àríwá Sumatra ni. 1912 ni a bí i, 1984 ni ó sì kú. Kristẹni ni, ọmọ pásítọ̀ sì ni pẹ̀lú. Ọ̀pọ̀ òǹkọ̀wé máa ń dúró níbí láti ṣe háà, wọn a sì fi háà náà rọ́pò àgbéyẹ̀wò. Ohun tí ó ṣe pàtàkì jù ni orúkọ ìbòjú tí Silaban kọ sára àwòrán rẹ̀ kí àwọn adájọ́ má baà mọ ẹni tí ó ni ín: Ketuhanan. Ọ̀rọ̀ tí ó jẹ mọ́ jíjẹ́ Ọlọ́run ni. Òun náà sì ni ọ̀rọ̀ tí ó ṣíwájú nínú ìlànà kìn-ín-ní Pancasila, ìlànà márùn-ún tí Sukarno gbé kalẹ̀ ní 1945 gẹ́gẹ́ bí ìpìlẹ̀ orílẹ̀-èdè náà. Ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo ni, ṣùgbọ́n ó wọ ilé ẹ̀sìn, ó sì wọ ilé ìjọba. Láti ọjọ́ ìdíje ni ilé náà ti ń sin ọ̀gá méjì.

Wọ́n jiyàn lórí ibi tí ilé náà yóò wà. Igbákejì Ààrẹ, Mohammad Hatta, fẹ́ kí wọ́n kọ́ ọ sí òpópónà Thamrin, níbi tí Mùsùlùmí pọ̀ sí, tí kò sì ní sí ògbólógbòó ilé tí owó ńlá yóò bá wíwó rẹ̀ lọ. Sukarno kò gbà. Ọgbà tí wọ́n ń fi orúkọ Wilhelmina, Ọbabìnrin Họ́láńdì, pè láyé ìjọba amúnisìn ni ó tọ́ka sí, níbi tí odi àwọn ọmọ ogun Họ́láńdì ṣì wà, tí ó sì dojú kọ kàtídírà Kátólíìkì. Kí mọ́sálásí òmìnira dìde lórí odi ẹni tí ó gba òmìnira mọ́ni lọ́wọ́, èyí jẹ́ ọ̀rọ̀ tí kò nílò nọ́ńbà kankan kí ó tó yé ènìyàn. Ní 24 August 1961 ni Sukarno fi ìpìlẹ̀ rẹ̀ lélẹ̀. Rògbòdìyàn 1965 àti àìsí owó fa iṣẹ́ sẹ́yìn. Sukarno ti kú ní 1970 kí ilé tó parí; Suharto tí ó gbàjọba lọ́wọ́ rẹ̀ ni ó ṣí i ní 22 February 1978. Ọdún 17 ni iṣẹ́ náà gbà. (Àwọn tí ó ń ka nọ́ńbà tilẹ̀ ti mú 17 yìí náà, wọ́n ní ọjọ́ kẹtàdínlógún oṣù kẹjọ ni ìkéde òmìnira. Bí àìsí owó ṣe lè di àmì mímọ́ kò tíì yé ẹnikẹ́ni.)

Nọ́ńbà bí àrokò

Àwọn tí ó ń ṣàlàyé Istiqlal nípa nọ́ńbà ń ṣe é bí ẹni tí ń tú àrokò. Ìfiwéra náà kò burú, ṣùgbọ́n ó yẹ kí a rántí bí àrokò ṣe ń ṣiṣẹ́ kí a tó gbà á wọlé. Nígbà tí Yorùbá bá so owó ẹyọ mẹ́fà ránṣẹ́ sí ènìyàn, ohùn inú ọ̀rọ̀ náà ni ó ń jíṣẹ́: ẹ̀fà ni, ọkàn ẹni tí ó ránṣẹ́ ń fà sí ẹni tí a rán an sí. Bí ó bá jẹ́ mẹ́jọ, èrò àwọn méjèèjì jọra. Ẹni tí ó gbà á lè gbé e lé àtẹ́lẹwọ́, kí ó kà á, kí ó sì mọ ohun tí a wí. Kò sí alágbàsọ láàrin àmì àti ìtumọ̀ rẹ̀.

Mítà 45 òrùlé Istiqlal kò rí bẹ́ẹ̀ rárá. Kò sí olùjọsìn kan tí yóò gbójú sókè láti orí ẹní tí yóò mọ̀ pé 45 ni, tí kì í ṣe 43 tàbí 50, àfi bí ẹlòmíràn bá sọ fún un. Ohun tí ojú rí ni pé ó ga, ó fẹ̀, ó sì yí po. Nọ́ńbà náà kò sí lára ilé. Orí ìwé ni ó wà. Bí a bá sun gbogbo ìwé náà níná lónìí, ìtumọ̀ yìí yóò jóná pẹ̀lú rẹ̀, òrùlé yóò sì wà níbẹ̀ gẹ́gẹ́ bí ó ti wà.

Èyí tí ó gba àròjinlẹ̀ jù ni ti mínárẹ́ẹ̀tì, ìyẹn ilé gíga tí ìpè ìrun ti ń jáde. Ẹyọ kan ṣoṣo ni Silaban kọ́, wọ́n sì ní jíjẹ́ ọ̀kan Ọlọ́run ni ó dúró fún. Èyí yè kooro, nítorí pé ojú ń rí ọ̀kan. Ṣùgbọ́n wọ́n tún ní gíga rẹ̀ jẹ́ mítà 66.66 nítorí pé ẹsẹ Àlùkùránì jẹ́ 6,666, àti pé ṣóńṣó irin tí ó wà lórí rẹ̀ jẹ́ mítà 30 nítorí ìpín 30 tí a pín Àlùkùránì sí. Ìpín 30 kò ní àríyànjiyàn. Ní ti 6,666, iye tí àwọn ènìyàn máa ń sọ lẹ́nu káàkiri ni. Ẹni tí ó bá jókòó ka ẹsẹ inú Àlùkùránì tí a ń tẹ̀ jáde lónìí, títí kan èyí tí wọ́n ń kà ní Indonéṣíà, 6,236 ni yóò bá pàdé gẹ́gẹ́ bí ìkà àwọn ará Kufa. A jẹ́ pé ohùn ọjà ni wọ́n fi irin àti kọnkéré gbé dúró. Ìpè tí ń ti inú rẹ̀ jáde kò dínkù nítorí èyí, ìrun kò sì bàjẹ́. Èyí gan-an ni ẹ̀rí pé nọ́ńbà náà kò rù ilé náà. Bí ó bá jẹ́ òpó ni, ilé ì bá ti wó.

Nọ́ńbà márùn-ún tún wà níbẹ̀. Gbọ̀ngàn ìkírun ní ilẹ̀ kan àti pẹ̀tẹ́ẹ̀sì mẹ́rin tí ó yí i ká, àpapọ̀ rẹ̀ jẹ́ márùn-ún. Àwọn kan ní òpó ẹ̀sìn Ìsìláàmù márùn-ún ni. Àwọn kan ní ìrun márùn-ún ojúmọ́. Àwọn kan ní Pancasila. Wọ́n ń tò wọ́n tẹ̀lé ara wọn bí ẹni pé ohun kan náà ni wọ́n. Wọn kì í ṣe ohun kan náà. Ìrun márùn-ún jẹ́ ọ̀ranyàn fún Mùsùlùmí níbikíbi tí ó bá wà; Pancasila jẹ́ àdéhùn láàrin àwọn ọmọ orílẹ̀-èdè kan, tí Kristẹni, ẹlẹ́sìn Híńdù àti Búdà wà lára wọn. Àmì tí ó bá kó àwọn méjèèjì pọ̀ láìsọ̀rọ̀ ń mú kí ọ̀kan yá aṣọ ẹnì kejì wọ̀, kò sì ṣòro láti mọ èyí tí yóò jèrè. Ìjọba tí ó ṣí mọ́sálásí náà ní 1978 kò fi Pancasila ṣeré. Ní àárín àwọn ọdún 1980 ni ó fi dandan lé e pé kí gbogbo ẹgbẹ́, títí kan ẹgbẹ́ ẹlẹ́sìn, fi í ṣe ìpìlẹ̀ kan ṣoṣo wọn, àwọn Mùsùlùmí kan sì jìyà nítorí pé wọ́n kọ̀. Lábẹ́ irú ìjọba bẹ́ẹ̀, pé kí amọ̀nà máa sọ pé pẹ̀tẹ́ẹ̀sì mọ́sálásí ń ka Pancasila kì í ṣe eré ọ̀rọ̀ lásán.

Síbẹ̀, a kò gbọdọ̀ da ẹ̀bi gbogbo rẹ̀ lé Silaban lórí. Gbogbo ayàwòrán ilé ni ó gbọ́dọ̀ yan ìwọ̀n kan, 45 kò sì burú ju 46 lọ. Ó lò wọ́n gẹ́gẹ́ bí akéwì ṣe ń lo iye ọ̀rọ̀ inú ìlà: ìlà náà ń dè é kí iṣẹ́ rẹ̀ má tú ká, ṣùgbọ́n kò sí ẹni tí ń torí iye ọ̀rọ̀ ka ewì.

Gábàsì àti Monas

Ọ̀rọ̀ tí Mùsùlùmí Yorùbá ń lò fún ibi tí a ń kọjú sí kírun, gábàsì, láti inú èdè Haúsá ni ó ti wá, ìlà-oòrùn ni ó sì túmọ̀ sí níbẹ̀. Ní Jakarta, gábàsì wà ní ìwọ̀-oòrùn, ó sì yà díẹ̀ sí àríwá. Ibẹ̀ ni gbọ̀ngàn ìkírun Istiqlal kọjú sí. Ṣùgbọ́n ọ̀dẹ̀dẹ̀ gígùn àti agbàlá ńlá tí ó so mọ́ gbọ̀ngàn náà kò tẹ̀lé ìlà yìí. Monas ni wọ́n nà sí, ìyẹn ọwọ̀n ìrántí òmìnira tí ó wà ní gbàgede Merdeka nítòsí, tí gíga rẹ̀ jẹ́ mítà 132. Ọ̀sẹ̀ kan péré ni ó wà láàrin ìpìlẹ̀ méjèèjì: ti Monas ní 17 August 1961, ti Istiqlal ní ọjọ́ kẹrìnlélógún. Silaban náà kópa nínú ìdíje àwòrán Monas. Nọ́ńbà 45, 17 àti 8 sì wà lára ìwọ̀n Monas pẹ̀lú. Níbẹ̀ ni wọ́n ti wà ní ilé wọn, nítorí pé ọwọ̀n ìrántí kò ní iṣẹ́ mìíràn ju kí ó rántí lọ.

Ilé kan ṣoṣo wá ní ìlà méjì tí kò bá ara wọn dọ́gba, ọ̀kan sí Kaaba, ọ̀kan sí ọwọ̀n orílẹ̀-èdè. Ẹni tí ó bá wo àwòrán ilé náà láti òkè yóò rí igun tí ìlà méjèèjì ti pàdé. Nígbà ọdún Ìtúnu Ààwẹ̀, tí gbọ̀ngàn bá kún tí èrò sì dà sí agbàlá, sàfù wọn kì í bá ìlà òpó àti ìlà ilẹ̀ mu. Wọ́n a dá bùú lórí òkúta tí a tẹ́ sí ọ̀nà Monas. Kò sí ìgbà tí a lè rí ọ̀rọ̀ ọ̀gá méjì yìí kedere jù bẹ́ẹ̀ lọ, ìjọ sì ni ó ń fi ara wọn fèsì rẹ̀. Láì sí nọ́ńbà níbẹ̀, èyí ni àmì tí ó lágbára jù ní gbogbo ilé náà, ó sì jọ pé ìwé pélébé kì í fi bẹ́ẹ̀ kà á sí. Òfin tí wọ́n ṣe ní 2022 tún ti ní Nusantara ní erékùṣù Borneo ni yóò di olú-ìlú. Bí ìjọba bá kó lọ tán, Monas yóò dúró níbi tí ó wà, ìlà agbàlá náà yóò sì máa tọ́ka sí ohun àná. Ìlà kejì kò ní yí padà.

Òjìji àti afẹ́fẹ́

Jakarta súnmọ́ ìlà agbede-méjì ayé gan-an. Ooru ibẹ̀ kì í sinmi, òjò ibẹ̀ sì ń rọ̀ bí ẹni da omi nù. Ohun tí Silaban gbà gbọ́ nípa ilé kíkọ́ kò lọ́jú pọ̀: kí ilé Indonéṣíà má fara wé ilé ilẹ̀ òtútù, kí ó má sì fi òrùlé ilé baba ńlá ṣe ọ̀ṣọ́ lásán, bí kò ṣe kí ó dáàbò bo ènìyàn lọ́wọ́ oòrùn àti òjò, kí ó sì jẹ́ kí atẹ́gùn kọjá. Ó fi í ṣèwà hù nínú ilé tí ó kọ́ fún ara rẹ̀ ní Bogor, àti nínú ilé ìfowópamọ́ àpapọ̀ tí ó yàwòrán rẹ̀ ní Jakarta. Ní Istiqlal ni ó ti fi í bá ẹgbẹẹgbẹ̀rún ènìyàn lò lẹ́ẹ̀kan náà.

Ohun àkọ́kọ́ tí ó ṣe ni pé ó gbé gbọ̀ngàn ìkírun kúrò nílẹ̀. Nísàlẹ̀ ni a ti ń ṣe àlùwàlá, níbẹ̀ náà sì ni àwọn ọ́fíìsì wà. Lókè ni a ti ń kírun. Ìkejì ni pé kò mọ ògiri yí gbọ̀ngàn náà ká bí ó ti yẹ kí a pè é ní ògiri. Irin oníhò tí a ṣe ọnà sí, tí ìlà rẹ̀ ń tún ara wọn ṣe láìdáwọ́ dúró, ni ó wà láàrin òpó kan sí òmíràn. Ojú ń ríta láti inú rẹ̀, ìmọ́lẹ̀ ń wọlé láìmú gbígbóná oòrùn dání, atẹ́gùn sì ń ti ẹ̀gbẹ́ kan wọlé, ó ń ti ẹ̀gbẹ́ kejì jáde. Ìkẹta ni pé ó fi ọ̀dẹ̀dẹ̀ jíjìn yí gbogbo rẹ̀ ká, kí òjò tó bá irin náà kí ó ti rẹ̀ ẹ́. Odò Ciliwung ń ṣàn gba inú ọgbà náà kọjá, igi sì wà káàkiri ilẹ̀ tí ó lé ní hẹ́kítà 9.

Lámèyítọ́ tí ó bá fẹ́ mọ bí iṣẹ́ yìí ti jinlẹ̀ tó yẹ kí ó ronú nípa ohun tí ìrun Jímọ̀ jẹ́. Kì í ṣe ènìyàn díẹ̀ tí ó jókòó sórí àga ní ìjìnnà síra wọn. Ara kan ara ni, èjìká kan èjìká, ní ọ̀sán gangan, ní ìgbà tí oòrùn le jù. Iye tí a sábà máa ń sọ pé ọgbà náà lè gbà ni 200,000. Kódà bí ó bá jẹ́ ìdá mẹ́wàá rẹ̀ ni ó wá, bí a bá sé wọn mọ́ inú ilé olódi ní Jakarta, kí kútúbà tó parí ni àwọn àgbàlagbà yóò ti máa dákú. Silaban kà wọ́n sí ẹlẹ́ran ara tí ń làágùn, tí ń mí, tí àtẹ́lẹsẹ̀ rẹ̀ yóò kan ilẹ̀ lẹ́yìn tí ó bá bọ́ bàtà. Òkúta mábù tí a tẹ́ sílẹ̀ tutù lábẹ́ òjìji. Ẹni tí ó bá ti àgbègbè oòrùn wọlé yóò mọ̀ ọ́n lára kí ó tó mọ̀ ọ́n lójú. Àánú ni èyí, kò sì sí ìwọ̀n mítà tí a lè fi kà á.

Ìṣẹ́po irin tí kì í dípẹtà tún yẹ fún àkíyèsí. Òun ni wọ́n fi bo àwọn òpó 12, òun ni wọ́n fi ṣe ọnà oníhò wọ̀nyí. Sukarno fẹ́ ilé tí yóò pẹ́ láyé, kò fẹ́ igi àti amọ̀. Ní orílẹ̀-èdè tí ebi ti ń pa ọ̀pọ̀ ènìyàn ní àárín àwọn ọdún 1960, ìnáwó náà kì í ṣe ohun tí ènìyàn lè gbójú fò dá. Ṣùgbọ́n ní ibi tí òjò ti ń rọ̀ báyìí, ilé tí ògiri rẹ̀ ṣí sílẹ̀ kò lè jẹ́ ti irin tí ìpẹtà yóò jẹ. Ìgbà tí wọ́n tún ilé náà ṣe láti 2019 sí 2020 ni àtúnṣe ńlá àkọ́kọ́ láti ọjọ́ tí wọ́n ti ṣí i, lẹ́yìn ogójì ọdún ó lé. Wọ́n pààrọ̀ iná, wọ́n fọ òkúta, wọ́n to pánẹ́ẹ̀lì agbára oòrùn tí ó lé ní 500 sórí òrùlé pẹrẹsẹ. Ní 2022, ilé náà gba ìwé ẹ̀rí àgbáyé EDGE fún ilé tí kì í fi iná àti omi ṣòfò. Òrùlé pẹrẹsẹ tí ó fẹ̀ tí Silaban nà síta nítorí òjìji ni ó wá rí oòrùn náà lò.

Àtakò kan àti àléébù méjì

Àwọn kan ti sọ pé ilé yìí kì í ṣe ti Indonéṣíà. Ẹ̀rí wọn ni pé mọ́sálásí àtijọ́ ní Java, bí irú ti Demak, kò ní òrùlé rìbìtì. Òrùlé onípele tí ń dínkù bí ó ti ń lọ sókè ni ó ní, òpó igi mẹ́rin láàrin sì ni ó gbé e dúró. Suharto fúnra rẹ̀ dà bí ẹni pé ó gbà pẹ̀lú wọn, nítorí pé nígbà tí ó dá àjọ tí yóò máa kọ́ mọ́sálásí sílẹ̀ ní 1982, òrùlé onípele ti Java ni àjọ náà ń kọ́, wọ́n sì kọ́ 999 káàkiri orílẹ̀-èdè. Èrò yìí lẹ́sẹ̀ nílẹ̀ díẹ̀, ṣùgbọ́n àwòrán òrùlé nìkan ni ó ń wò. Ohun tí òrùlé Demak ń ṣe, láti bo ọ̀pọ̀ ènìyàn mọ́lẹ̀, láti jẹ́ kí ooru gòkè kí afẹ́fẹ́ sì gba abẹ́ kọjá, Istiqlal ń ṣe é. Ó tilẹ̀ ń ṣe é dáadáa ju ọ̀pọ̀ nínú àwọn 999 náà lọ. Àti pé ìlù bedug ńlá, tí wọ́n fi odindi igi gbẹ́, wà ní Istiqlal gẹ́gẹ́ bí ó ti wà ní mọ́sálásí àtijọ́ Java, níbi tí wọ́n ti ń lù ú láti kéde ìrun. Kò sí ẹni tí ó ní kí wọ́n gbé e jáde nítorí pé òrùlé yí po.

Àléébù wà. Ti àkọ́kọ́ ni pé títóbi ilé náà ń gba lèmọ́mù lọ́wọ́ ìjọ. Láti orí pẹ̀tẹ́ẹ̀sì òkè pátápátá, ohùn láti inú ẹ̀rọ nìkan ni ó kù. Ẹni tí ń sọ̀rọ̀ ti kéré bí ìka. Ògiri tí ó kọjú sí gábàsì, tí orúkọ Allah wà lápá ọ̀tún rẹ̀, ti Muhammad lápá òsì, tí ẹsẹ kan láti inú Súrà Taha sì wà láàrin, gbìyànjú láti fi títóbi lẹ́tà ṣe àtúnṣe èyí. Kò rí i ṣe tó. Ìkejì ni agbàlá. Silaban tí ó fi òjìji kẹ́ ìjọ nínú ilé fi wọ́n sílẹ̀ fún oòrùn níta. Ọ̀kánkán Monas ni agbàlá náà nà sí, kò sì sí ibi tí ọwọ̀n ìrántí ti pa èrò ìjọ lára tó ibẹ̀.

Aládùúgbò

Kàtídírà tí ó dojú kọ mọ́sálásí náà ti wà níbẹ̀ láti 1901. Òpópónà kan ni ó wà láàrin wọn. Láàárọ̀ ọdún Ìtúnu Ààwẹ̀, kàtídírà a máa ṣí ọgbà rẹ̀ sílẹ̀ kí àwọn tí ó ń lọ kírun lè gbọ́kọ̀ sí i. Ní Kérésìmesì, Istiqlal a máa ṣe bẹ́ẹ̀ fún àwọn tí ó ń lọ gba Máàsì. Bí ọdún bá bọ́ sí ọjọ́ Àìkú, kàtídírà a máa sún àkókò Máàsì àárọ̀ rẹ̀ kí èrò méjèèjì má baà há mọ́ra. Kò sí èyí nínú àwòrán Silaban, àfi pé Sukarno ni ó yan ibẹ̀, Silaban sì kọ́ ilé tí ojú fi ń rí òdìkejì láti inú rẹ̀. Ní April 1999, bọ́ǹbù bú ní ìsàlẹ̀ mọ́sálásí náà, dígí sì fọ́. Wọn kò torí rẹ̀ mọ ògiri dí irin oníhò wọ̀nyẹn.

Láìpẹ́ yìí ni wọ́n gbẹ́ ọ̀nà abẹ́-ilẹ̀ kan láti mọ́sálásí sí kàtídírà, wọ́n sì pè é ní ọ̀nà ìbátan. Ní 5 September 2024, Póòpù Francis àti Nasaruddin Umar tí ó jẹ́ lèmọ́mù àgbà Istiqlal dúró pa pọ̀ ní ẹnu ọ̀nà náà. Ní December ọdún yẹn ni Ààrẹ Prabowo Subianto ṣí i. Àwọn amọ̀nà ti bẹ̀rẹ̀ sí í fi kún ohun tí wọ́n ń kà fún àlejò, ó sì ṣeé ṣe kí wọ́n rí nọ́ńbà kan fún gígùn rẹ̀ láìpẹ́. Iṣẹ́ tí ó ń sọ pé òun fẹ́ ṣe ti ń lọ lórí ilẹ̀ tipẹ́, ní ibi ìgbọ́kọ̀sí.